Ojú Kan fún Ìlà Pákó, Ẹnu fún Ìṣó

Orúkọ mi ni Múráínà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìgbẹ̀ìn tí ẹ ń wá Múráínà, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ sọ pé Bàbá Káfíńtà ni ẹ ń wá, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kan pákó mọ pákó gbẹ̀yìn, síbẹ̀ orúkọ náà kò fi mí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ káfíńtà ṣì dára báyìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo wà bíi tiwọn. Iṣẹ́ a máa fún ni ní oúnjẹ jẹ, òun náà a sì máa jẹ lára ẹni. Tèmi jẹ ojú, ó jẹ eyín.

Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ, bàbá tó bí i náà ta aṣọ. Èmi ni mo máa ń tú àpótí tí wọ́n fi kó ọjà wá, tí mo máa ń fi pákó rẹ̀ kan àga kéékèèké. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Ẹni tó ń tú àpótí ọjà mi yìí, kó kúkú lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn án." Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Bánkólé nìyẹn.

Ọ̀gá Bánkólé tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kì í pariwo. Kristẹni ni, ó sì máa ń rọra kọ orin ìjọ lábẹ́ ètè bó bá ń fá pákó. Bí orin náà bá ti dáwọ́ dúró, gbogbo àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ la máa ń gbé ojú sókè, torí pé ó ti rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nìyẹn. Kì í lù wá. Ohun tó máa ń ṣe burú ju ẹgba lọ: yóò tú iṣẹ́ náà, yóò to pákó rẹ̀ síwájú ẹ, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ tirẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn fún ìgbà pípẹ́. Ìṣó tó ti tẹ̀ ni mo ń nà lórí òkúta láti àárọ̀. Nígbà tó yá, ó fún mi ní ìfági, irin tí a fi ń fá ara pákó kó lè jọ̀lọ̀, ó ní kí n fá ẹ̀gbẹ́ pákó kan kó tọ́. Mo fá a tán, mo gbé e lọ bá a. Ó gbé orí rẹ̀ kan sí abẹ́ àgbọ̀n, ó di ojú òsì, ó fi ojú ọ̀tún wò ó lọ gbọọrọ bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn.

Ó bi mí pé, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Ó tọ́, sà."

"Mi ò bi ẹ́ pé kí lo fẹ́. Mo bi ẹ́ pé kí lo rí."

Mo tún un wò. Lóòótọ́, àárín rẹ̀ wú díẹ̀. Mo tún un fá, mo tún un gbé wá, ó tún wú níbòmíràn. Ìgbà tí pákó náà yóò fi tọ́, ó ti tín-ín-rín débi pé kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Pákó yìí kò ṣòfò. Ojú rẹ ni mo fi rà." Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa fi ojú kan ṣiṣẹ́. Mi ò sì dẹ́kun rẹ̀ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ti ẹnu náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Bí a bá wà lórí òrùlé, ọwọ́ kan á di igi mú, ọwọ́ kejì á di òòlù mú, ìṣó wá dà? Ẹnu ni. Ọ̀gá Bánkólé á to ìṣó sí ètè, orí ìṣó á kọjú síta, ahọ́n ni yóò máa fi tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ pé, "Ọwọ́ méjì kò tó káfíńtà. Ẹnu ni ọwọ́ kẹta." Gbogbo wa kọ́ ọ, a sì ń fi ṣe fáàrí fún àwọn ọmọge tó ń kọjá. Eyín iwájú mi kọ́kọ́ sán díẹ̀, ó tún sán díẹ̀ sí i. Mi ò ka ìyẹn sí. Ta ló máa ń rántí eyín nígbà tó ṣì ń fọ́ eegun?

Èmi àti Ráṣídì la jọ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ Ìgbẹ̀ìn bíi tèmi ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. A kò yà kúrò lára wa. A jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́, a jọ ń gba iṣẹ́ òrùlé káàkiri: Ìtòrí, Papalantó, àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Owó tó wọlé, ilé la fi kọ́, ọmọ la fi tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó mọ síbẹ̀.

Abúlé kan nítòsí Papalantó ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Àgbẹ̀ kan tó dàgbà dáadáa ló ní ká bá òun pààrọ̀ òrùlé. Ìdílé tó ń bọ òrìṣà ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ fún wa ṣáájú pé a kò ní kan ìṣó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wọn, torí náà a sinmi lọ́jọ́ yẹn, a jẹ iṣu tuntun wọn. Ọjọ́ kejì la gun òkè padà. Igi òrùlé àtijọ́ náà ti gbẹ, ó le bí irin. Èmi wà ní apá kan, Ráṣídì wà ní apá kejì. Mo gbọ́ tí òòlù rẹ̀ dún lọ́nà tí kò yẹ kó gbà dún, mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí i tó fi ọwọ́ bo ojú.

Ó ní, "Múráínà, nǹkan wọ̀ mí lójú."

Bó ṣe rọra sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé eruku ni. Ìṣó ló ta padà. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a bu omi sí i. Ìyá kan láàárín ilé ní kí wọ́n fún wàrà ọyàn sí i. Bàbá àgbẹ̀ yìí ló ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, ó sì fẹ́ yá wa ní ọ̀kadà ọmọ rẹ̀. Ráṣídì ló kọ̀. Ó ní yóò lọ fúnra rẹ̀, pé kí a parí iṣẹ́ ná, torí owó ìparí iṣẹ́ yẹn ni yóò fi rí dókítà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: owó ojú wà lórí òrùlé, ojú sì ti bàjẹ́ nílẹ̀. Ìgbà tí dókítà fi wò ó, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ó tètè dé ni, òun ìbá rí nǹkan ṣe sí i.

Ojú ọ̀tún lọ. Káfíńtà olójú kan lè wo ìlà pákó, àbí kì í ṣe ojú kan la fi ń wò ó? Ohun tí kò lè mọ̀ mọ́ ni bí ìṣó ṣe jìnnà sí òòlù tó. Ráṣídì ń lu àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé òòlù sílẹ̀, ó lọ ń ta pákó. Kò ráhùn sí mi rí. Èmi ni mo ń rò ó ní ọkàn mi bí mo bá ti di ojú kan láti wo igi.

Nítorí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwa káfíńtà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó kan lọ́tọ̀. A pè é ní Owó Ojú. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe ní ojú, ní ẹnu, ní ọwọ́, ẹgbẹ́ á gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, wọn kò ní bèèrè pé iṣẹ́ ti parí tàbí kò tíì parí. Owó náà ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn tó ń fi ojú méjèèjì ríran lónìí nítorí rẹ̀.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fá pákó dé, ohun tí a fi ń ṣe láti àárọ̀ títí di ọ̀sán wá di ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìbọn ìṣó dé, kò sí ẹni tó ń to ìṣó sẹ́nu mọ́. Páànù aláwọ̀ dé, fèrèsé alumíníọ̀mù dé, àga tí wọ́n ti kàn láti òkè òkun dé nínú páálí. Mi ò bá wọn jà. Mo ra ẹ̀rọ ìfági kan, mo sì gbádùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn lè kọrin sídìí iṣẹ́.

Kò sí ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún káfíńtà. Ọjọ́ kan ni mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sára pákó, mo gbé ayùn, mi ò rí ìlà náà mọ́. Mo nu ojú, mo gbé pákó náà lọ sínú oòrùn. Mo rí pákó, mi ò rí ìlà. Mo jókòó lé e lórí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo to irinṣẹ́ mi sára ògiri bó ṣe yẹ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé. Mi ò fi ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ gbá ilẹ̀, lọ nu ara ayùn. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ara ni mo ń sinmi.

Eyín ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ìrora náà kì í jẹ́ kí n jẹ ẹran, kò pẹ́ kò jẹ́ kí n jẹ iṣu. Mo ń ra oògùn ní kẹ́mísì, mo ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ìyá Rùkáyá, ìyàwó mi, ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níkẹyìn. Dókítà eyín yẹ ẹnu mi wò, ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù gbọ́dọ̀ jáde, pé wọn yóò sì fi àtọwọ́dá dípò wọn. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo fẹsẹ̀ kọ àga. Dókítà náà ní, "Bàbá, ẹ kúkú yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ojú kí ẹ tó lọ." Àwọn yẹn wò mí, wọ́n ní kataráàtì ni, awọ tó dà bí ìkuukùu ti bo ojú méjèèjì, ti ọ̀tún ló le jù. Iṣẹ́ abẹ ni yóò ká a kúrò.

A gba iye tí wọ́n sọ fún wa níhìn-ín, a gba ti ọ̀hún, a jáde. Owó tí a ní nílé lè ṣe díẹ̀ nínú ọ̀kan, kò lè parí ìkankan. Ètò ìlera tí ọmọ wa ọkùnrin ń jẹ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó kò dé ọ̀dọ̀ òbí. Rùkáyátù, àbíkẹ́yìn wa, tó ń ṣe tíṣà, ní òun yóò yá owó. Mo ní kó má yá a. Òun náà ní ọmọ tó ń tọ́.

Èmi àti ìyá rẹ̀ wá ń jiyàn èwo ni kí a kọ́kọ́ wá owó rẹ̀. Ahọ́n àti eyín a máa jà, ká má tíì wá sọ tọkọtaya tó ń sọ̀rọ̀ eyín.

Mo ní, "Ojú lọba ara."

Ìyá Rùkáyá ní, "Bàbá Rùkáyá, ọba tí kò jẹun ńkọ́? Ẹ wo bí ọrùn yín ṣe rí. Ẹ̀kọ lásán lẹ ń mu."

"Mo lè mu ẹ̀kọ. Mi ò lè gbé inú kùrukùru."

Ó fa àwo tó wà níwájú mi súnmọ́ mi, torí ó rí i pé mò ń wá a kiri pẹ̀lú ọwọ́.

Mo rántí Owó Ojú. Mo wọ aṣọ, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Táíwò ni alága wọn báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́, tó sì ní ìtẹríba. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga rẹ̀. Mo ṣàlàyé.

Táíwò ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Òfin tí a bá nílẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kò dá owó mọ́, kò sì ní ìpín nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ ṣe òfin náà."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí a ń ṣe é, kò sí ẹni tó ní ewú lórí nínú wa. Gbogbo èrò wa ni pé ìṣó ni ọ̀tá ojú. A kò mọ̀ pé ọjọ́ orí náà ń bọ̀ pẹ̀lú òòlù tirẹ̀.

Mo ní, "Táíwò, mi ò ní kí ẹ rú òfin nítorí mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ọdún mélòó lo fẹ́ lò lórí òrùlé? Ìgbà tí o wà lórí rẹ̀ ni o ń dá owó. Ìgbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀ ni o máa nílò rẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ lọ, wọ́n sọ ọ́ bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní eyín àwọn arúgbó yóò jẹ owó náà tán. Mi ò bínú sí i. Arúgbó ṣoge rí, ṣùgbọ́n oge kò tíì ṣe arúgbó rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì lè máa dá ìlàjì, pé lẹ́yìn tó bá ti dá a fún ọdún kan, ẹgbẹ́ yóò bá a gbé nínú ìtọ́jú ojú tàbí eyín rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo san tèmi. Ó dára fún ọ̀la. Ojú mi kò sì lè dúró de ọ̀la.

Ìsọ̀ pákó Ráṣídì ni mo yà sí nígbà tí mo ń bọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé, "Ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí?"

Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ojú títì gan-an ló wà. Kí lo fi ń ṣe?"

"Irinṣẹ́ mi wà níbẹ̀."

Ó ní, "Múráínà, nígbà tí ojú mi lọ, mo tọ́jú òòlù mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń retí pé ọjọ́ kan ni n ó tún gbé e. Ọjọ́ tí mo tà á ni mo tó di oníṣòwò pákó. Ojú tèmi kò sí ní títà, kò sí ní rírà. Tìrẹ ṣì wà. Fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ ti ara mi mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó láàárín àwọn nǹkan tí mi ò lè rí dáadáa. Mo ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayùn tí mo rò pé mò ń nù ti ń dógùn-ún. Ìyẹn ló yí mi lọ́kàn padà ju ọ̀rọ̀ Ráṣídì lọ. Mo ń pè é ní ìsinmi, irinṣẹ́ sì ń kú sí mi lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ló gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ó san owó ọdún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo pín irinṣẹ́ fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, mo sì fi ìfági kan ṣoṣo sílé. Nígbà tí mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ọwọ́ mi kò fẹ́ tú. Ọkùnrin náà dúró jẹ́ẹ́ títí mo fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Owó náà ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀tún mi. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni gèlè Ìyá Rùkáyá, àwọ̀ búlúù tí mo ti ń rò pé dúdú ni. Mo rí ojú rẹ̀ náà. Ó ti darúgbó láìsọ fún mi. Mo ní, "Ìyá Rùkáyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún sunkún díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, owó ṣọ́ọ̀bù wọlé, ẹgbẹ́ mú àdéhùn wọn ṣẹ, wọ́n bá mi gbé nínú ti eyín. Mo ní eyín àtọwọ́dá báyìí. Ó kọ́kọ́ ń há mi bíi bàtà tuntun, ṣùgbọ́n mò ń jẹ iṣu, mò ń jẹ ẹran tó bá rọ̀. Ojú òsì ń dúró de owó ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀, in ṣá Allāhu. Bí mo ṣe ń san án nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè ibi tí iṣẹ́ náà ti ń jẹ lára, kí ẹ sì máa fi nǹkan sílẹ̀ fún ibẹ̀ láti ìgbà tó ṣì le. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́, ẹ wo òfin rẹ̀ dáadáa, bóyá ó rántí arúgbó tí ẹ máa dà.

Lẹ́yìn tí ojú mi là, mo lọ kí Rùkáyátù nílé ọkọ rẹ̀. Mo wọ yàrá rẹ̀ láti lọ kírun, mo sì rí kọ́bọ́ọ̀dù kan lára ògiri. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo kàn án fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, òun ni iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn. Mo di ojú òsì, mo fi ọ̀tún wò ó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́. Kò wọ́ díẹ̀: òkè rẹ̀ ń lọ sí Ìtòrí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí Lafẹ́nwá. Rùkáyátù ti ká páálí, ó fi há ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa máa ṣí fúnra rẹ̀.

Mo pè é. Mo ní, "Rùkáyátù, láti ìgbà yìí wá, o sọ fún mi pé ó dára."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọ̀la ni n ó gbé ìfági mi wá. Màá tú ilẹ̀kùn yìí, màá tún un kàn."

Ó bọ́ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó fẹ̀yìn tì í. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀. Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wọ́."

Mo wò ó, mo wo ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní mi, mo kírun.